Ìfarahàn: Lẹ́ǹsì Àtijọ́ Lórí Kámẹ́rà Tuntun

Nígbà tí ìyá àgbà mi papò dà ní Aramọkọ, ẹbí pé jọ láti yan àwòrán tí a ó lò fún pósítà àti fún ìwé ètò ìsìnkú. Èmi ni mo ya wọ́n gbẹ̀yìn. Ìgbà ọyẹ́ ọdún tó ṣáájú ni mo ya àwòrán náà, mo sì gbà lọ́kàn mi pé òun ni iṣẹ́ tó dára jù lọ tí mo tíì ṣe láti ìgbà tí mo ti ń gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn. Ojú ìyá àgbà ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi epo pa á. Irun ìpéǹpéjú wọn ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn wọn ti yọ́ bí òrí nínú oòrùn, ó sì ń yí po bí omi tó ń ṣe òyì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń ya fọ́tò ní Adó rí i, wọ́n yìn mí títí.

Ẹbí kò mú un. Àbúrò bàbá mi tó darí ìjókòó náà gbé e sún mọ́ ojú, ó tún nà án jìnnà. Ó ní, "Ó dára o. Àmọ́ ṣé ojú nìkan ni ìyá wa ní ni?" Wọ́n bá fa fọ́tò mìíràn yọ láti inú àpótí, èyí tí onífọ́tò kan yà nígbà tí a kò tíì bí mi. Nínú rẹ̀, ìyá àgbà jókòó sórí àga, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, aṣọ òkè wọn tẹ́ dé kókósẹ̀, bàtà wọn hàn, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn ṣeé kà, aago ògiri wà lápá òsì. Òun ni wọ́n lò. Òun ni a lẹ̀ mọ́ ògiri láti Aramọkọ dé oríta Ìtàwurẹ́.

Inú bí mi. Mo sọ nínú ara mi pé àwọn ará ilé wa kò mọ iṣẹ́ ọnà. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé ìyá àgbà fúnra wọn ti sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà ní ọjọ́ tí mo ya àwòrán yẹn. Mo fi ẹ̀yìn kámẹ́rà hàn wọ́n, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé ta ni mo wà yìí?" Ẹ̀rín ni mo fi dá wọn lóhùn. Ilé ọkọ wọn ni wọ́n wà, níbi tí wọ́n ti gbé ju àádọ́ta ọdún lọ, kò sì sí ohun kan nínú àwòrán mi tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí. Mo fẹ́ fi ojú lámèyítọ́ wo irú àwòrán tí àwa ọ̀dọ́ tí a ń ya fọ́tò ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ń fi lẹ́ǹsì àtijọ́ yà, kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi.

Kí la ń pè ní lẹ́ǹsì àtijọ́? Lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà onífíìmù ni, tí kò ní mọ́tò, tí kò ní iná mànàmáná nínú. Ọwọ́ ni a fi ń yí òrùka ara rẹ̀ kí ohun tí a ń wò tó mú kedere. Òrùka mìíràn wà tí ó ń ṣí ihò ìmọ́lẹ̀, tí ó sì ń pa á dé: bí nọ́ḿbà rẹ̀ bá kéré, bí f/2, ihò náà ṣí gbàgà, bí nọ́ḿbà bá pọ̀, bí f/16, ihò náà kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Tèmi ni Helios 44-2, mìlímítà 58, tí wọ́n ṣe ní Soviet Union, tí wọ́n sì wo Biotar tí Carl Zeiss ṣe ní Jena ní ilẹ̀ Jámánì fi ṣe é. Ó pọ̀ lágbàáyé, kò sì wọ́n. Owó lẹ́ǹsì tuntun kan lè ra irú rẹ̀ bíi mẹ́wàá. Ìdí àkọ́kọ́ nìyí tí àwa tí a kò lówó púpọ̀ fi sáré sí i.

Ìdí kejì ni pé kámẹ́rà tuntun gbà á. Láti nǹkan bí 2008 ni kámẹ́rà tí kò ní dígí inú, èyí tí wọ́n ń pè ní mirrorless, ti ń tàn kálẹ̀. Nítorí pé dígí náà kò sí mọ́, inú kámẹ́rà kò jìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́ǹsì onísìkúrúù bíi Helios mi, tí a ń yí wọ kámẹ́rà bí ọmọrí ìgò, gbọ́dọ̀ jìnnà ní mìlímítà 45.46 sí ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń bà sí. Ní ara kámẹ́rà Sony tí kò ní dígí, mìlímítà 18 péré ni àyè tó wà láti ẹnu kámẹ́rà dé ojú náà. Mìlímítà 27.46 tó ṣẹ́kù ni ádápítà ń dí. Ádápítà kò ju òrùka irin lọ. Afẹ́fẹ́ ló wà láàárín rẹ̀. Kò fi nǹkan kan kún àwòrán, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Ẹni tó bá ní ádápítà òun ń mú kí àwòrán "ní ẹ̀mí" ń fi ọ̀rọ̀ dárà ni.

Kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì fi owó kọ́ èyí. Kámẹ́rà Canon onídígí jìn ní mìlímítà 44, nítorí náà òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà kan ààbọ̀ ti tó o. Ṣùgbọ́n Nikon onídígí jìn ní 46.5, ó ti ju ohun tí lẹ́ǹsì onísìkúrúù fẹ́ lọ kí a tó fi òrùka kankan sí i. Bí o bá dúró ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè pẹ̀lú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ àti òrùka lásán, o lè ya ojú ẹni tó wà níwájú rẹ kó mú, àmọ́ àwọn òkè tó yí ìlú ká kò ní mú láéláé, bó ti wù kí o yí òrùka tó. Ádápítà tó ní dígí nínú wà fún un, ṣùgbọ́n dígí olówó pọ́ọ́kú ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ó sì máa ń da kùrukùru bo àwòrán. Ẹ̀fọ̀n tí kò ní òkè lẹ́yìn, ìlú wo nìyẹn?

Mo fi èyí ṣáájú kí ó lè hàn pé kò sí àdììtú nínú ohun èlò náà. Ohun tó kàn ni pé kí a wá òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn iṣẹ́ tí a ń fi ṣe. Òṣùwọ̀n tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lò tẹ́lẹ̀ kò ju méjì lọ: ṣé ẹ̀yìn yọ́ dáadáa, ṣé ó sì ń yí po? Àwọn tí kò gbé ní àárín wa ló kọ́ wa ní ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n ti wà nílé tipẹ́.

Ní 1973, Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, tẹ àròkọ kan jáde lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ère. Ó ti gbé ère síwájú àwọn èèyàn ní ìlú lóríṣiríṣi, ó sì ti bi wọ́n pé èwo ló dára, kí ló dé tó fi dára. Ó kó ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò jọ. Wọ́n ní kí ère ní jíjọra: kí ó jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ẹnì kan títí débi pé yóò sọ gbogbo àbùkù rẹ̀. Wọ́n ní kí ó ní ìfarahàn: kí ojú, etí, ìka ọwọ́ àti ilà ara hàn, kí ọ̀kan má wọnú èkejì. Wọ́n ní kí ara rẹ̀ dán, kí ó sì gún. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kí apá kan mú kí apá yòókù ṣú.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ní 1978, ará Amẹ́ríkà mìíràn, Stephen Sprague, tó jẹ́ ayàwòrán, kọ̀wé lórí àwọn ilé fọ́tò tó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún, ìlú tí kò jìnnà sí wa ní Ìjerò. Ó wo fọ́tò àwọn àgbà, ó rí i pé ìjókòó kan náà ni gbogbo wọn jókòó: wọ́n kọjú sí kámẹ́rà, gbogbo ara wọn hàn láti gèlè tàbí fìlà dé bàtà, ọwọ́ wọn wà lórí itan tàbí orúnkún, wọ́n tẹ́ aṣọ kí ó lè hàn. Ó fi òṣùwọ̀n tí Thompson kó jọ wò ó, ó sì bá a mu. Ìtumọ̀ èyí ni pé àwọn onífọ́tò ìlú kékeré, tí àwa ń pè ní ẹni tí kò mọ̀ ju "dúró dáadáa" lọ, ń tẹ̀lé òfin tí àwọn agbẹ́gilére ti fi lélẹ̀. Fọ́tò tí ẹbí wa mú jáde nínú àpótí, irú rẹ̀ ni. Kì í ṣe àìmọ̀ ló mú àbúrò bàbá mi yàn án. Lámèyítọ́ ló ń ṣe, èmi ni mi ò gbọ́ èdè náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi òṣùwọ̀n yìí wọn iṣẹ́ mẹ́ta, kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán ìyá àgbà.

Mo ṣí ihò lẹ́ǹsì sí f/2, mo sì dúró ní bíi mítà kan ààbọ̀ sí wọn. Ní ìwọ̀n yẹn, lórí kámẹ́rà bíi tèmi, ibi tó mú kedere kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ. Ìka mẹ́ta nìyẹn. Láti ṣóńṣó imú ènìyàn dé etí ju ìyẹn lọ. Nítorí náà ojú méjèèjì ìyá àgbà mú, ṣóńṣó imú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mú, etí wọn ti ń yọ́, gèlè ti di àwọ̀ lásán. Mo wò ó ní gbangba báyìí: àwòrán náà dán, ó gún díẹ̀, ó jọ wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, torí gbogbo ìhunjọ awọ ojú ni mo kà sílẹ̀ bí ẹni ń ka gbèsè. Ìfarahàn ni kò ní. Aṣọ tí wọ́n dìídì wọ̀ nítorí mi, wọ́n yọ ọ́ nínú àpótí, wọ́n sá a, èmi sì sọ ọ́ di kùrukùru.

Iṣẹ́ kejì jẹ́ ti Ìkógòsì, ó sì tún jẹ́ tèmi. Gbogbo ayé mọ ohun tí a ń lọ wò níbẹ̀: omi gbígbóná àti omi tútù tí wọ́n ń ṣàn bọ̀ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n pàdé, tí wọ́n sì jọ ń lọ. Níbi ìsun, ìgbóná omi náà tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níbi tí ó ti bá èkejì pàdé, ó ti rọ̀ dé nǹkan bí 37. Mo dọ̀bálẹ̀ sétí omi pẹ̀lú Helios mi, mo ṣí i gbàgà. Omi gbígbóná mú, ewé tó léfòó lórí rẹ̀ mú, ẹyọ omi ń tàn bí ìlẹ̀kẹ̀. Omi tútù di àbàwọ́n àwọ̀ ewé lókè àwòrán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé Ìkógòsì rí, bó bá wo àwòrán yẹn, odò kan ṣoṣo ni yóò rí. Ohun tó sọ Ìkógòsì di Ìkógòsì ni mo fi lẹ́ǹsì pa rẹ́.

Ìkẹta ló dùn mí jù, ọ̀rọ̀ ọ̀pó ààfin ni. Ẹ̀fọ̀n jẹ́ ìlú agbẹ́gilére. Agbọ́nbíọ̀fẹ́, tó kú ní 1945, gbẹ́ ọ̀pó fún ààfin Aláayè, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére Ẹ̀fọ̀n sì ti dé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lókè òkun. Ẹlẹ́ṣin àti ìyá ọlọ́mọ jẹ́ ohun tí a sábà ń rí lára irú ọ̀pó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti ń fi lẹ́ǹsì àtijọ́ ya ère báyìí. Wọ́n á mú ojú ẹlẹ́ṣin, wọ́n á jẹ́ kí orí ẹṣin tó wà níwájú rẹ̀ yọ́, wọ́n á sì jẹ́ kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹṣin yọ́ pẹ̀lú. Agbẹ́gilére kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe fín irun orí ni ó fín ìjánu, bó ṣe fín ìjánu ni ó fín ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Bí ó bá fẹ́ kí ẹnì kan ga ju ẹnì kan lọ, yóò gbẹ́ ẹ kó tóbi ni. Kò ní pa ojú ẹnì kejì rẹ́. Onífọ́tò tó ya ẹlẹ́ṣin tí kò ní ẹṣin ti fi èrò tirẹ̀ bo ti ẹni tó ni iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì kò sì ní rí irú ọ̀pó yìí ju inú àwòrán lọ. Ohun tí a bá yà ni wọn yóò mọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní èsì. Wọ́n á ní iṣẹ́ onífọ́tò ni láti yan ohun tí ó fẹ́ kí a wò. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n yàn ju J.D. 'Okhai Ojeikere lọ. A bí i ní 1930, ó ra kámẹ́rà Brownie D ní 1950, ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti ní Èkó, ó sì kú ní 2014. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní dúdú àti funfun, àwòrán náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan. Ó sábà máa ń ya orí láti ẹ̀yìn. Ó yọ ojú kúrò pátápátá. Ta ló tún lè yàn ju bẹ́ẹ̀ lọ? Síbẹ̀, ẹ wo bó ṣe yàn. Ẹ̀yìn tí kò ní nǹkan kan lára ló fi sẹ́yìn orí, kí ohunkóhun má bàa bá irun jà. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun gbogbo tó kù ló hàn: ilà àárín orí, òwú tí wọ́n fi dì í, etí, ọrùn, ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó bá mọ irun dì lè wo àwòrán náà kó sì di irun yẹn lónìí. Ohun tí kò fẹ́, ó gbé e kúrò kó tó ya àwòrán. Ohun tó fi sílẹ̀, ó jẹ́ kó hàn. Àwọn onífọ́tò ilé wa pẹ̀lú mọ èyí. Ìdí tí wọ́n fi ń ta aṣọ tí wọ́n kun sẹ́yìn oníbàárà nìyẹn.

Àwa kì í gbé nǹkan kúrò. A kì í sọ pé, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí a gbé jẹ́nẹ́rétọ̀ yìí sí ẹ̀gbẹ́ kan." A ó ṣí lẹ́ǹsì gbàgà, jẹ́nẹ́rétọ̀ á yọ́, àga bàbá àgbà á sì yọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́ǹsì kò mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì.

Wọ́n á tún ní ayé ti yí padà. Mo gbà. Ìyàwó ọ̀ṣìngín tó ní ẹgbẹ̀rún àwòrán nínú fóònù kò pàdánù nǹkan kan bí ọ̀kan nínú wọn bá ní ẹ̀yìn tó ń ṣe òyì. Ní ibi ayẹyẹ tí èrò pọ̀, ẹ̀yìn tó ṣú lè gba onífọ́tò sílẹ̀. N kò sọ pé kí a fi òfin de f/2. Ohun tí mo ń sọ ni pé àgbàlagbà tí yóò ní àwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré láyé kò yẹ kó fi ọ̀kan nínú wọn san gbèsè àṣà tuntun tiwa.

Ìbéèrè kan kù tó yẹ kí n dáhùn: bó bá jẹ́ kí ohun gbogbo hàn ni mo fẹ́, ṣebí lẹ́ǹsì tuntun tàbí fóònù lásán tó bẹ́ẹ̀? Kí ni mo tún ń fi Helios ṣe?

Ẹ gbé lẹ́ǹsì àtijọ́ kan lọ́wọ́, kí ẹ wo ara rẹ̀. Wọ́n fín nọ́ḿbà sí i yíká: ìwọ̀n mítà láti ìdajì mítà lọ títí dé àmì kan tó dà bí 8 tó sùn sílẹ̀, èyí tó dúró fún ọ̀nà jíjìn réré. Lábẹ́ ìyẹn, àwọn ìlà wà ní ọ̀tún àti òsì, nọ́ḿbà ihò ìmọ́lẹ̀ sì wà lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìlà yìí ló ń sọ fún ọ, kí o tó tẹ kámẹ́rà, pé bí o bá lo f/8, láti ibí dé ibí ni yóò mú. Ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì tuntun kò ní irú ìlà yìí lára mọ́. Àwọn tó ṣe Helios rò pé ẹni tí yóò lò ó á fẹ́ mọ ibi tí ìfarahàn bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Àwa ra á nítorí ohun tó ń fi pa mọ́, a kò sì ka ohun tí wọ́n fín sí i lára.

Ẹni tó bá fẹ́ lo àwọn ìlà náà lórí kámẹ́rà dígítà ní láti mọ nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, bí ojú tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ bá kéré ju ti fíìmù lọ, bíi tèmi, kí ó má gba ìlà náà gbọ́ tán: bí ó bá wà ní f/8, kí ó ka ìlà f/5.6. Ìkejì, lẹ́ǹsì 58 yóò máa rí bíi 87 lórí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ó ní láti fà sẹ́yìn gan-an kí gbogbo ara ènìyàn tó wọlé. Ìdí mìíràn tí a fi ń ya ojú nìkan nìyí. Yàrá ilé wa kò gbà wá láyè, a wá sọ àìláyè di àṣà.

Ní ọdún tó tẹ̀lé ìsìnkú, mo lọ sí Ìjerò lọ́dọ̀ àbúrò ìyá àgbà, tí àwọn náà ti di arúgbó. Lẹ́ǹsì kan náà ni mo mú lọ, kámẹ́rà kan náà, òrùka irin kan náà. Pálọ̀ wọn kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjìlá lọ. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo fà sẹ́yìn bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi téèpù wọn mítà mẹ́rin láti orí àga wọn dé ibi tí mo gbé kámẹ́rà lé. Mo yí òrùka sí mẹ́rin, mo pa ihò dé f/8. Ìṣirò sọ pé láti nǹkan bíi mítà mẹ́ta lé díẹ̀ dé bíi mítà márùn-ún ni yóò mú. Ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, kámẹ́rà ní láti lajú fún ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà mo gbé e lé orí àpótí ìjókòó, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má mira.

N kò ní láti bẹ̀ wọ́n. Bí mo ṣe ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró báyẹn," wọ́n nà ẹ̀yìn wọn, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n tẹ́ aṣọ wọn, wọ́n sì wo inú lẹ́ǹsì tààrà. Wọ́n mọ ìjókòó náà. Àwọn onífọ́tò ìgbà èwe wọn ló kọ́ wọn, tàbí kó jẹ́ àwọn gan-an ló kọ́ àwọn onífọ́tò. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń ya àgbàlagbà láti ìtòsí, tí mò ń ní kí wọ́n wo ọ̀hún, kí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, n kò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn láyè láti jókòó bí ó ṣe fẹ́ kí a rí òun.

Àwòrán náà ní àbùkù. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé funfun jù, ó jẹ igun ògiri kan. Òjìji bo ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Kò sí òyì kankan níbẹ̀, ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Adó sì bi mí pé ṣé fóònù ni mo fi yà á. Ṣùgbọ́n ó gún. Gèlè hàn, ilà ojú hàn, òǹtẹ̀ ara aṣọ ṣeé kà, ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, bàtà méjèèjì wà ní ẹsẹ̀. Lórí ògiri lẹ́yìn wọn, fọ́tò ọkọ wọn tó ti kú wà nínú férémù, òun náà sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè mọ̀ pé òun ni.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, mo gbé e padà lọ fún wọn. Wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n fi ìka tọ́ka sí nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàtà tí ọmọ wọn rà. Ọ̀pá. Àga. Wọ́n tọ́ka sí ògiri, wọ́n ní, "Bàbá yín rèé." Wọ́n wá padà sórí ojú ara wọn, wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n ní, "Ó jọ mí."

Wọ́n ní kí n bá wọn tẹ ọ̀kan sí i, kí àwọn fi í sínú àpótí, kí àwọn ọmọ má bàa wá a kiri lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó.